Àlàfo tó wà láàrin ilé wa àti ilé Alájì

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe nílé wa ni pé ká fa bẹ́ẹ̀dì Màmá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wà nílé á di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, á fà á dé àárín yàrá, á tẹ́ àkísà sílẹ̀, á sì gbé báfù sábẹ́ fèrèsé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́sàn-án yẹn, bíríkìlà mẹ́rin ni mo pè, mo kun ògiri náà ní ọ̀dà ní àkùntúnkùn, omi ò sì yé wọlé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àpótí aṣọ Màmá. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri yẹn, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó yẹ ká máa fa òun náà. Ní 2019, a ṣí i nítorí ìnáwó kan tó wà nílẹ̀. Aṣọ òkè tí bàbá mi rà fún un nígbà ìgbéyàwó wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ ti bu, sányán ti dúdú, nígbà tí mo sì gbọ̀n ọ́n, ó já sí mi lọ́wọ́ bí bébà tó ti pẹ́ nínú omi. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó gba ìyókù lọ́wọ́ mi, ó ká a. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mi ò ní í pe bíríkìlà kankan mọ́, àfi tí èmi fúnra mi bá ti mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé wa, ní Ṣómólú. Bàbá mi kọ́ ọ parí ní 1978, nígbà tó jẹ́ pé koríko ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì wa. Ní 1991, Alájì ra ilẹ̀ náà, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ dé ààlà gan-an, bí bàbá mi náà ṣe kọ́ tiwa dé ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń kọ́lé nígbà náà. Àlàfo tó ṣẹ́kù láàrin ògiri méjèèjì kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń dúró lórí bákónì, a máa ń ti ìwé súìtì bọ inú rẹ̀, a ó sì tẹ́tí bóyá a máa gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Bíríkìlà àkọ́kọ́ wo ìlà gbọọrọ tó ti òkè dé ilẹ̀ níwájú ilé, níbi tí ògiri wa ti pàdé ti Alájì. Ó ní, “Mọ̀mí, ṣebí ẹ mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ẹnu yìí la máa dí.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ó ya àpò símẹ́ǹtì, ó ń rún bébà rẹ̀, ó ń kì í bọ àlàfo náà títí tó fi kún. Ó wá po yanrìn mọ́ símẹ́ǹtì, ó jẹ́ kí símẹ́ǹtì pọ̀ kí ó lè le, ó sì rẹ́ ẹ láti ara ilé wa bọ́ sára ilé Alájì. Nígbà tí a kùn ún tán, ẹni tó ń kọjá á rò pé ilé kan ṣoṣo ni. Mo yìn ín gan-an, mo tún fi owó oúnjẹ lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ní oṣù kìíní, mo rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó ti òkè là wá sílẹ̀ ní ojú ibi tí ilé méjèèjì ti pàdé. Èékánná ò lè wọ̀ ọ́, mo sì fojú fò ó. Mi ò mọ̀ pé irú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè burú ju àlàfo tó fẹ̀ lọ. Omi tó bá ń ṣàn lára ògiri, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa fà á wọlé bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bébà símẹ́ǹtì tó wà nínú lọ́hùn-ún ló wá ń mu ún. Ó mu ún yó, ó gbé e mọ́ ògiri yàrá Màmá, kò sì gbẹ títí òjò ọdún náà fi tán.

Ẹnì kejì gbẹ́ ojú rẹ̀ kúrò, ó po símẹ́ǹtì mọ́ kẹ́míkà tó ń lé omi, ó tún un rẹ́. Ó là. Ẹnì kẹta yọ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó dà á sí i. Nígbà tí oòrùn oṣù kejì pa á, ó yọ́ sọ̀ kalẹ̀ sára ògiri funfun, ó sì fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí ọ̀dà funfun ẹ̀ẹ̀mejì kò bò. Ẹnì kẹrin ní ká fi táìlì lẹ ojú rẹ̀ pa. Mi ò gbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe ẹnjiníà ló béèrè ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò béèrè. Ó dúró níwájú ilé, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Àǹtí, ta ló sọ fún wọn pé ilé méjèèjì yìí dúró sójú kan?”

Mo ní ilé wo ló ń rìn?

Ó ní gbogbo ilé ló ń rìn díẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé wa àti ti Alájì kì í ṣe ọ̀kan náà, ọdún mẹ́tàlá ló wà láàrin wọn, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kò sì gbé ẹrù wọn bákan náà. Lórí ìyẹn, igi àgbálùmọ̀ wa ń ṣíji bo ilé wa lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń lu ojú ilé Alájì láìsí ìdíwọ́. Ohun tí ooru bá mú, á gùn díẹ̀, tó bá tutù, á súnkì padà. Símẹ́ǹtì tó le kò mọ nínà. Bó ti wù kó le tó, bí ilé méjì bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, òun ló máa là. Àní bí ó bá ṣe le tó ni lílà rẹ̀ máa ń yá tó.

Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà kékeré kan sára ògiri wa, ó fa òmíràn sára ti Alájì, ó wọn àárín wọn pẹ̀lú rúlà irin, ó sì kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ náà sára ògiri níbẹ̀. Ó ní kí n máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ṣe é láti oṣù kejìlá ọdún 2019 títí wọ oṣù kẹta, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé. Ní àárọ̀ ọyẹ́, àlàfo náà máa ń fẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, á ti fún padà pẹ̀lú bíi mìlímítà 1, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Lójú, kò jọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ fojú inú wo pílásítà tó wà lójú kan tí wọ́n ń fà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́dọọdún.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nínú ìwé náà ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò sí oṣù kan tó fẹ̀ tí kò padà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró lórí èyí díẹ̀. Bí ẹ bá wọn tiyín tí ó ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ rí ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ débi tí owó ẹyọ fi lè wọ̀ ọ́, ẹ má ṣe dí i rárá. Ẹnjiníà ni kí ẹ pè, kó wá wo ìpìlẹ̀. A mọ iye ẹ̀mí tó ti bá ilé tó wó lọ ní Èkó. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan tó lè gbé ilé dúró.

Báwo la ṣe wá ń dí ohun tí kò gbọ́dọ̀ di líle? Gọ́ọ̀mù tó ń nà bíi rọ́bà ni wọ́n ń lò. Àmọ́ èmi náà ti rí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù olówó gọbọi dí àlàfo tó sì ya láàrin ọdún kan, torí pé wọ́n kàn fún un kún inú ihò náà ni. Ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà ṣàlàyé rẹ̀ ló yé mi jù. Ó ní kí n ro ti gángan. Awọ rẹ̀ ń nà, ó ń dẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, torí pé etí nìkan ni wọ́n ti so ó. Bí ẹnì kan bá fi àtè lẹ àárín awọ náà mọ́ igi, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ìlù náà, bó bá sì ń fi agbára fún un, yóò ya. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù. Ó gbọ́dọ̀ di ògiri ọ̀tún mú, kó di ti òsì mú, kó má sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ ki fóòmù róbótó kan bọ inú àlàfo, tí gọ́ọ̀mù kò lè lẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó fún gọ́ọ̀mù lé e. Gọ́ọ̀mù náà kò sì gbọdọ̀ nípọn jù. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó mìlímítà 20, gọ́ọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 10 ti tó.

Lẹ́yìn náà ni ó gorí òrùlé, ó sì pè mí láti òkè pé, “Àǹtí, òkè ni ẹ ò wò!” Ògiri ilé méjèèjì ga kọjá páànù díẹ̀. Lórí wọn, láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, símẹ́ǹtì ni ẹni tó kọ́ ilé Alájì fi bo àlàfo náà. Gbogbo rẹ̀ ti là, ibòmíràn ti jẹ́ kúrò pátápátá. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ń wọ ibẹ̀ tààrà, ó ń já bọ́ sáàárín ilé méjì tí atẹ́gùn ò ti lè dé ibẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń rí àbàwọ́n, ni a ti ń ṣe iṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

A ò lè fọwọ́ kan ibẹ̀ láìbá Alájì sọ̀rọ̀. Òun àti bàbá mi ti ṣe àríyànjiyàn lórí ààlà rí, nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n parí rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú ilé méjèèjì tó máa ń mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ògiri. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun Ìṣáà.

“Ẹ kú alẹ́ o, Alájì.”

“Ìyá Ìbejì, káàbọ̀. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, sà. Ọ̀rọ̀ ògiri tó wà láàrin wa ni mo bá wá.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa bọ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí ló mú mi lọ. Orí pákó ni wọ́n to àpò ìrẹsì lé, ẹsẹ̀ ògiri náà ti rẹ, ọ̀dà ti ń ṣí níbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. “Ṣé o rí i? Láti ọdún yìí wá, mo rò pé láti ọ̀dọ̀ yín lomi ti ń wá.”

“Alájì, àwa náà rò pé ọ̀dọ̀ yín ló ti ń wá ni.”

A dúró síbẹ̀, a ń wo ògiri. Kò pẹ́ tí a fi parí ọ̀rọ̀ owó, ìdajì ìdajì. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé páànù tí a máa fi bo òkè wà fún omi nìkan, kì í ṣe àmì ààlà. Ó ní, “Kí àwọn ọmọ mi má baà fi bá àwọn ọmọ rẹ jà lọ́la.” A kọ ọ́, a fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní irú àlàfo yìí, ẹ lọ bá aládùúgbò yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiyín, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dí ìdajì omi.

Oṣù kìíní ọdún 2021 la ṣe é, nínú ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì gé pílásítà tó so ilé méjèèjì pọ̀, kí etí rẹ̀ lè gún régé lápá méjèèjì. Wọ́n wá fi irin gbọọrọ wú ohun tó wà nínú rẹ̀. Bébà símẹ́ǹtì jáde, ó ti di ẹrẹ̀, ó ń rùn. Ọ̀dà dúdú jáde. Láàrin ìdọ̀tí náà, mo rí ìwé súìtì mélòó kan, àwọ̀ wọn ò tíì ṣí tán. Mo fọ ọ̀kan, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní.

A fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọyẹ́ lè gbẹ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn fẹ́ ká ṣe é lọ́jọ́ kejì kí wọ́n lè lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ gọ́ọ̀mù kì í di ògiri tútù mú, omi tí ẹ bá sì dé mọ́nú, inú ilé ni yóò yà sí. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi bírọ́ọ̀ṣì wáyà fọ etí rẹ̀, wọ́n sì gbọn eruku rẹ̀ dànù.

Fóòmù róbótó yẹn kò sí lọ́dọ̀ àwọn tí mo bá lọ́jà Orílé. Ẹnì kan fẹ́ ta fóòmù bẹ́ẹ̀dì fún mi. Mo dúpẹ́ pé mi ò rà á, torí pé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń mu omi bíi kànìnkànìn. Èyí tí a lò ni fóòmù funfun tí wọ́n fi ń wé tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tuntun. Kì í mu omi, gọ́ọ̀mù kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. A gé e, a ká a róbótó kó nípọn ju àlàfo náà lọ díẹ̀, bíi mìlímítà 25 fún àlàfo 20, kí ó lè há. A fi igi kékeré tí a fàmì sí tì í wọlé kí ó lè jìn bákan náà níbi gbogbo.

Ti gọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní PU (polyurethane) la rà, kì í ṣe sílíkóònù, torí òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọkàn tán lára símẹ́ǹtì. Ẹ ka ara túùbù kí ẹ tó sanwó. Wọ́n kọ 25% sára tiwa. Ìyẹn ni pé àlàfo mìlímítà 20 lè fẹ̀ dé 25 tàbí kó fún dé 15 kó má ya. Ìlà níwájú ilé ga tó mítà 6 àtààbọ̀, ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, mítà 13, fífẹ̀ 20, nínípọn 10, ó jẹ́ lítà 2 àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀. Túùbù kan jẹ́ mílílítà 300, nítorí náà mẹ́sàn-án ló yẹ kó tó. Mo ra méjìlá. Mọ́kànlá la lò.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ tí oòrùn ò sì tíì mú, ni a bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà náà ni àlàfo kì í fẹ̀ jù tí kì í sì í fún jù. A lẹ téèpù bébà sí etí rẹ̀ lápá méjèèjì, ọ̀kan ń fún gọ́ọ̀mù, èkejì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. A yọ téèpù kí ojú gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá, a fi ibi tó tó gígùn àtàǹpàkò sílẹ̀ láìdí, kí omi tó bá ṣèèṣì wọlé lè rí ọ̀nà jáde. A ò kun ojú rẹ̀ ní ọ̀dà, torí pé gọ́ọ̀mù a máa nà, ọ̀dà kì í nà, ojú rẹ̀ á kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Eléérú la rà, ó sì bá ilé méjèèjì mu. Gọ́ọ̀mù náà ń gbẹ ní bíi mìlímítà 2 sí 3 lójúmọ́, nítorí náà a fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lókè, wọ́n tẹ páànù àlùmíníọ̀mù kan gbọọrọ, wọ́n fi súkúrù dè é mọ́ ògiri wa nìkan. Lórí ògiri Alájì, ó kàn bò ó ni, etí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Tí a bá dè é mọ́ méjèèjì, bí ilé ṣe ń rìn ni yóò máa fa súkúrù tu. A dà á kọ òrùlé wa, kí omi má baà máa ṣàn sọ́dọ̀ Alájì.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé ní oṣù kẹta, tòun tìjì. Ògiri ẹ̀gbẹ́ gbẹ. Mo fọwọ́ pa á láti òkè dé ilẹ̀, ó gbẹ. Àmọ́ abẹ́ fèrèsé Màmá, ní igun òsì, ṣì tutù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a gbé hóòsì jáde. Táyé wà níta, Kẹ́hìndé wà nínú yàrá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè, torí bí ẹ bá kọ́kọ́ da omi sókè, yóò ṣàn kan gbogbo ibi, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní abẹ́ fèrèsé, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìsàlẹ̀ férémù, kò sí. Nígbà tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Kẹ́hìndé fi pariwo pé, “Mọ́mì, ó ti ń yọ!”

Mo fi èékánná wú sílíkóònù tó wà níbẹ̀. Odindi ló ṣí, gbọọrọ, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo sì rí ọ̀dà ògiri wa àti eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn. Sílíkóònù náà di ọ̀dà mú, ó dì í mú dáadáa. Ọ̀dà ni kò di ògiri mú. Ẹni tó fi fèrèsé náà sí i kò ha ọ̀dà kúrò kí ó tó fún un. Mo sì rántí pé lọ́jọ́ tó ń ṣe é, gbogbo yàrá ń rùn bí ọtí kíkan. Irú sílíkóònù tó ń rùn bẹ́ẹ̀ dára fún díńgí, àmọ́ òun àti símẹ́ǹtì kì í bára wọn lò pẹ́. Èyí tó yẹ fún ara ògiri, wọ́n máa ń kọ “neutral” sára túùbù rẹ̀, kì í sì í rùn bíi ti ọtí kíkan. Àlùmíníọ̀mù a sì máa gùn nínú ooru tó ìlọ́po méjì símẹ́ǹtì, nítorí náà etí fèrèsé náà jẹ́ ibi tí nǹkan méjì ti ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ha ọ̀dà náà kúrò títí mo fi kan pílásítà, mo nù ún, mo fi téèpù sí i, mo sì fún un fúnra mi, ní gbogbo fèrèsé ìsàlẹ̀ mẹ́rin.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní fèrèsé tó ń yọ́ síwá sẹ́yìn mọ̀. Níwájú férémù, nísàlẹ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà. Mo rò pé ibẹ̀ náà lomi lè gbà wọlé, mo sì dí méjèèjì. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo fi máa dé yàrá Màmá, ojú irin tí díńgí ń gbà rìn ti kún bí ọpọ́n, omi sì ń ṣàn látibẹ̀ bọ́ sílẹ̀ yàrá, ó pọ̀ ju ti gbogbo ọdún tó kọjá lọ. Mo sáré mú bíléèdì, mo na ọwọ́ jáde sínú òjò, mo gé ohun tí mo fi dí ihò náà. Omi tú jáde síta gbàà, ojú irin náà sì gbẹ lójú mi. Ihò ìjáde ni. Gbogbo fèrèsé irú èyí ló ń gba omi díẹ̀ sójú irin rẹ̀ nígbà ìjì, ihò yẹn ló sì ń dà á padà síta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ti àwọn fèrèsé yòókù.

Ìsàlẹ̀ fèrèsé níta náà a tún un rẹ́ kó dà kọ ìta, torí pé inú ló dà kọ tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà tó ṣe é fa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ etí rẹ̀ níbi tó yọ síta, kí omi tó bá ń yí lọ sábẹ́ lè já bọ́ síbẹ̀ dípò kó padà sára ògiri. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀dì Màmá kò kúrò lójú kan. Mo ra àpótí tuntun fún un. Ìyókù aṣọ òkè náà wà nínú rẹ̀, ó fara ti ògiri yẹn kan náà, Màmá ló ní kí a gbé e síbẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ gọ́ọ̀mù iwájú ilé láti ìsàlẹ̀ lọ, bí mo ṣe máa ń ṣe tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ibì kan tó gùn tó ìka mẹ́ta ti ń ṣí lára ògiri Alájì, ó jọ pé eruku ṣẹ́kù níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe é. Mo pe Alájì wá wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè orúkọ gọ́ọ̀mù náà, ó sì ní kí n kọ ọ́ fún òun sórí bébà. Túùbù méjì ló rán mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ń retí ọyẹ́.